Orúnkún Tí Kò Tẹ̀ ní Ìlú Àìkúnlẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ súnmọ́ mi, ẹ jókòó dáadáa, kí ẹni tí ikọ́ ń ṣe wú u tán, kí ìyá tí ó pọn ọmọ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó fún un lọ́mú, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí gùn ju ohun tí ènìyàn lè gbọ́ ní ìdúró lọ. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ọdẹ ni ó máa ń sọ ìtàn ibi tí ó ti ṣẹ́gun, tí yóò máa na ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí ẹnu rẹ̀ yóò máa hó bí ọṣẹ. Ṣùgbọ́n èmi, ìtàn ibi tí ojú ti tì mí ni mo fẹ́ sọ, nítorí ibi tí ojú ti tì mí náà ni Olúwa ti dá mi lóhùn. Ọdẹ́níyì ni bàbá mi sọ mí, Josáyà ni àlùfáà fi omi sọ mí, ṣùgbọ́n orúkọ kẹta kan wà tí mo fẹ́ràn ju méjèèjì lọ. Apẹkùn ni orúkọ náà, òun ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi.

Bí mo ṣe gba orúkọ náà nìyí. Ní ogún ọdún ṣáájú ohun tí mo fẹ́ ròyìn, ẹkùn kan ń yọ ìlú wa, Òkè-Ìràwé, lẹ́nu. Ó ń kó ewúrẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ó pa obìnrin méjì ní ọ̀nà odò, títí àwọn ènìyàn fi ń bẹ̀rù láti lọ já ewé ní oko ìtòsí. Èmi àti Títù Abẹ́gúndé ni a lọ dojú kọ ọ́. Títù yìí fi ọdún mẹ́rin kéré sí mi, òun ni ó máa ń bá mi ru ẹran àti àpò. Nígbà tí a padà dé, awọ ẹkùn ń bẹ ní èjìká mi, ẹsẹ̀ ọ̀tún Títù sì ti rún wómúwómú. Gbogbo ìlú ń kígbe pé, "Títù, ọpẹ́lọpẹ́ Ọdẹ́níyì lára rẹ!" Títù kò fèsì, nítorí ìrora kò jẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀. Èmi ni mo fèsì, mo ní, "Ẹ fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Apẹkùn, tí Títù sì ń fi igi rìn.

Nígbà tí ìgbàgbọ́ dé Òkè-Ìràwé, mo wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á. Mo da ère ilé mi nù, mo jáwọ́ nínú ọtí, mo kọ́ bí a ti ń kàwé. Ohun kan ṣoṣo tí n kò dà nù ni ara mi. Bí mo bá ń gbàdúrà nínú ìjọ, àwọn ọmọdé a sùn, wọn a jí, wọn a tún sùn, n kò ní tíì dé ibi àmín, nítorí kì í ṣe Ọlọ́run nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀, mo ń bá àwọn tí ó wà lẹ́yìn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Bí ẹlòmíràn bá ń gbàdúrà, mo máa ń wúkọ́. Mo gbẹ́ àga kan fún ara mi, mo gbé e sí iwájú pátápátá. Nígbà tí àlejò kan ṣèèṣì jókòó lé e, mo dúró tì í lórí títí ó fi dìde, bẹ́ẹ̀ orin ìdúpẹ́ ni ìjọ ń kọ lọ́wọ́.

Nígbà tí Bàbá Ìjọ wa sùn nínú Olúwa, kò sí ẹni tí ó sọ fún mi pé èmi ni ó kàn. Èmi ni mo sọ fún ara mi. Mo rán agbádá, mo sì lọ kí ìdílé olóògbé pẹ̀lú ojú ẹni tí ń kẹ́dùn, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn mi ń jó nínú. Ọjọ́ Ìsinmi kò tètè dé tó fún mi. Ìgbà tí ó dé, Àlùfáà Ẹ̀kúndayọ̀ dìde, ó ní, "Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àdúrà, ìjọ ti fi ohùn kan yan Títù Abẹ́gúndé ní Bàbá Ìjọ."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Títù! Títù arọ, tí ó ń lu agogo ìjọ, tí ó ń gbálẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo Sátidé! Mo dìde, mo ní, "Àlùfáà, ẹ tún orúkọ náà pè, bóyá ahọ́n yín ni ó yọ̀."

Àlùfáà wò mí jẹ́ẹ́, ó ní, "Ahọ́n mi kò yọ̀, Josáyà."

Títù fúnra rẹ̀ ń mi orí lẹ́yìn, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n mi wà níwájú mi, ẹ mú ẹ̀gbọ́n mi." N kò dúró gbọ́. Mo gbé àga mi lé orí láàárín ìsìn, mo sì jáde.

Nílé, mo ń di àpò, mo ń nu ìbọn. Dọ́káàsì ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Ìbídùn, níbo ni ẹ ń lọ?"

"Igbó Àìtẹríba ni mò ń lọ. Màá pa ẹranko tí ojú kan kò rí rí, màá wọ́ ọ gba iwájú ilé Ọlọ́run, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀."

"Ẹnikẹ́ni kì í ti igbó náà bọ̀. Ta ni ẹ fẹ́ fi ẹran náà hàn? Ṣé Ọlọ́run ni, àbí Títù?"

Mo ní, "Obìnrin, gbé ẹnu rẹ sọ́hùn-ún." Bí mo ti jáde nìyẹn. N kò kí i pé ó dìgbà, n kò sì gbàdúrà kí n tó kúrò nílé.

Ọjọ́ kejì ni mo dé ẹnu igbó náà. Igi tí ó wà níbẹ̀ ga débi pé bí ènìyàn bá wo orí wọn, fìlà rẹ̀ yóò jábọ́. Igi ìrókò ńlá kan wó dábùú ọ̀nà, àyè kékeré sì ṣẹ́kù lábẹ́ rẹ̀ tí ènìyàn lè rá kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè yìí ni iwin kan jókòó sí, tí kò ga ju ìdúró ọkọ́ lọ, etí mẹ́ta ni ó ní, ó sì ń jẹ ẹ̀pà.

Iwin náà ní, "Ọdẹ, o kú ìrìn. Bẹ̀rẹ̀ kí o kọjá. Ọ̀nà ire ni ó wà lábẹ́ igi yìí."

Mo ní, "Ìwọ kínńkín yìí, ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀? Èmi Apẹkùn kì í rá kòrò níwájú iwin."

Ó bó èèpo ẹ̀pà kan sọnù, ó ní, "N kò ní kí o wólẹ̀ fún mi. Àyè abẹ́ igi ni ó kéré. Adìẹ tí kò ga dé orúnkún rẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ó bá ń wọlé, kò sì sí ẹni tí ó tíì fi í ṣẹ̀sín."

Inú bí mi. Mo fa àdá yọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé igbó ní ẹ̀gbẹ́ kí n lè kọjá ní ìdúró. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi rọ̀ ni mo fi ń gé e, iwin náà sì ń wò mí, ó ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo já sí òdìkejì, ọ̀nà tí mo bá kì í ṣe ọ̀nà tí ó gba abẹ́ igi, òmíràn ni.

N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ ohùn kan lókè tí ó ń kọrin mi. Ẹyẹ kan ni, ara rẹ̀ bí ti àkùkọ, ojú rẹ̀ bí ti ènìyàn, ohùn rẹ̀ sì dùn ju oyin ìgàn lọ. Ó ní, "Apẹkùn, ọmọ akin, ìwọ tí ìjọ kò mọ iyì rẹ! Àwọn tí ó yàn Títù, ojú wọn ń ṣe wọ́n ni! Máa bọ̀, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń mọ iyì ènìyàn!" Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹyẹ ọlọgbọ́n ni ọ́." Mo sì ń tẹ̀lé e. Bí ó bá fò, mo sá. Bí ó bá bà, mo dúró kí n lè gbọ́ sí i.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n dúró gbà yín nímọ̀ràn díẹ̀ níhìn-ín. Ẹni tí ó bá bá ọ wí lójú lè jẹ́ ọ̀tá rẹ, ó sì lè jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń yìn ọ́ ní ọjọ́ tí inú ń bí ọ, wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí o tó dìde tẹ̀lé e. Ẹyẹ náà kò purọ́ kankan fún mi. Ohun tí mo ti ń sọ fún ara mi ni ó ń tún sọ fún mi, ìdí sì nìyẹn tí ó fi dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ó mú mi dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìlú Àìkúnlẹ̀. Mo rí ohun ìyanu níbẹ̀. Gbogbo àwọn ará ibẹ̀ ni ó dúró, kò sí ẹni kan tí ó jókòó. Orúnkún wọn le bí odó, ọrùn wọn gùn, ojú wọn sì ń wo òkè, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò rí ẹnikẹ́ni. Èso tí ó bá wà ní déédéé ẹnu wọn nìkan ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n ń fara ti igi sùn. Odò tí ó mọ́ gaara ń ṣàn gba àárín ìlú náà kọjá, ó ń kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn, òùngbẹ sì ń pa wọ́n, nítorí kò sí ẹni tí ó lè bẹ̀rẹ̀ bu omi. Bí òjò bá rọ̀, wọn a la ẹnu. Bí òjò kò bá rọ̀, wọn a máa lá ìrì ara ewé.

Ọba wọn ń jẹ́ Tanítómi. Ó ga bí ọ̀pẹ, orí òkìtì ọ̀gán ni ó sì dúró sí kí ó lè ga sí i. Ó kígbe sí mi láìwò mí, ó ní, "Àlejò, ròyìn ara rẹ!"

Mo ròyìn ara mi. Mo sọ bí ẹkùn ṣe bú, bí mo ṣe bú padà, bí mo ṣe fò mọ́ ọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sọ ìtàn tirẹ̀ lábẹ́ ohùn ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Ọba ní kí n gun òkìtì ọ̀gán kejì. Ní àràárọ̀ ni a máa ń yin ara wa, ọjọ́ mẹ́jọ ni mo sì lò tí ọkàn mi balẹ̀ bí ti ọmọ tí ó yó. Mo rò pé mo ti dé ibi tí ó yẹ mí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, òùngbẹ ń gbẹ mí gidigidi. Mo sọ̀kalẹ̀ kí n lọ mu omi. Mo dé etí odò, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, orúnkún mi kò tẹ̀. Mo tún gbìyànjú, ó dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kò tẹ̀. Òwe àwọn àgbà ní omi tí ènìyàn yóò mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú mi ni omi náà ń ṣàn kọjá. Bí mo ti wo ẹ̀gbẹ́ odò, mo rí ọkùnrin kan tí ó ti ṣubú, tí ó ti di ìtì igi láti ẹsẹ̀ dé ọrùn, tí olú ti hù sí i láyà, ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó ṣì wà láàyè, ó sì ń wí pé, "Ẹ wá wò mí, ẹ ò rí irú mi rí." Mo wò yíká, mo rí i pé gbogbo ìtì igi tí ó wà níbẹ̀ ni ó ní ẹnu. Ẹni tí ó bá ṣubú ní Ìlú Àìkúnlẹ̀, ó ṣubú nìyẹn, nítorí ẹni tí yóò gbé e dìde ní láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo sì yí padà sórí òkìtì mi, mo ń fi orin ara mi pa ẹ̀rù náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kan tí mo mọ̀. Ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀, ẹsẹ̀ kan wọ́ ilẹ̀, igi ń dún láàárín wọn. Títù Abẹ́gúndé ni! Aṣọ rẹ̀ ti fàya, ẹ̀gún ti ya ojú rẹ̀, ó so ahá mọ́ ìbàdí. Ó ti gba abẹ́ igi ìrókò kọjá, iwin ẹlẹ́tí mẹ́ta sì ti fi ọ̀nà hàn án.

Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lè gbà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìdúró. Ìyá Ìbídùn kò jẹun láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Mo ní, "Ìwọ Títù, ṣé o wá fi oyè rẹ hàn mí ni?"

Ó ní, "Mo ti sọ fún Àlùfáà pé n kò ní jókòó lórí oyè nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà nínú igbó."

Ó wo ètè mi tí ó ti là. Ó lọ sí etí odò, ó na ẹsẹ̀ tí ó rún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi orúnkún tí ó yè kúnlẹ̀, ó bu omi, ó sì gbé e wá fún mi. Mo gbé ojú kúrò. Ọwọ́ ẹni tí ó ń ru ẹran mi ni èmi yóò ti wá mu omi? Kò bínú. Ó gbé omi náà fún ẹni tí ó wà nítòsí mi, ẹni náà mu ún, ó sì bú u. Gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe ẹlẹ́yà: "Ẹ gbọ́ ohùn arọ tí ń fi orúnkún nu ilẹ̀!" Títù ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, ẹ mu sí i." Ọjọ́ méjì gbáko ni ó fi ń kúnlẹ̀ tí ó ń dìde, tí ó ń fún àwọn tí ó ń bú u lómi. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá sì bu omi, èmi ni ó máa ń kọ́kọ́ gbé e fún. Mo kọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ìjì kan jà. Ó gbé mi láti orí òkìtì, ó là mí mọ́lẹ̀ gbì! Mo gbìyànjú láti yí ara, kò ṣeé ṣe. Mo rí i tí èèpo igi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi, tí ó ń gun ojúgun mi bọ̀ wá sókè. Mo la ẹnu kí n kígbe pé, "Títù, gbà mí," ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí ó jáde ni, "Èmi Apẹkùn, ẹ ò rí irú mi rí!" Mo tún gbìyànjú, "Èmi Apẹkùn!" Ẹnu mi ti sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà pẹ́ débi pé kò mọ òmíràn mọ́. Títù kúnlẹ̀ tì mí, ó ń fi ọwọ́ bó èèpo igi náà, ṣùgbọ́n bí ó ti ń bó o ni òmíràn ń yọ. Èèpo náà gun orúnkún mi, ó gun itan mi.

Ìgbà náà ni mo ké pe Ọlọ́run nínú ọkàn mi, nítorí inú ọkàn nìkan ni ó kù fún mi. Àdúrà náà kò gùn. Mo ní, "Olúwa, opurọ́ ni mí." Ẹnu mi sì tú.

Mo ní, "Kì í ṣe èmi ni mo pa ẹkùn!"

Ogún ọdún ni mo fi sin ọ̀rọ̀ náà, n kò sì mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ní, "Títù ni ó pa á. Ìbọn mi kò dún, mo sì sọ ọ́ nù, mo gun igi. Títù ni ẹkùn bò mọ́lẹ̀, ó ń jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, Títù sì ń gún un ní àdá lábẹ́ níbẹ̀, èmi sì wà lókè tí mo di ojú. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ parọ́rọ́ ni mo sọ̀kalẹ̀. Títù ti dákú. Mo bó awọ ẹkùn, mo fi kọ́ èjìká. Títù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ẹ gbà mí."

Mo gbọ́ ara mi tí mo ń pe Títù ní "ẹ." N kò mọ ìgbà tí ó jáde lẹ́nu mi.

Títù ní, "Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni?"

Ó jókòó sílẹ̀, ó nu ojú, ó ní, "Ẹ má rò pé onísùúrù ni wọ́n bí mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi fẹ́ sọ ọ́. Bí mo bá ń lu agogo, orí yín ni mò ń lù lọ́kàn mi. Bí ẹ bá dìde gbàdúrà, mo ń ka iye irọ́ yín. Ní ọjọ́ kan tí a ń jẹ Oúnjẹ Olúwa, mo rántí pé Olúwa wa bu omi, ó wẹ ẹsẹ̀ àwọn tí yóò sá fi í sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ní, Títù, ẹkùn yìí ti kú, o ṣì rù ú, ó sì ti ń rùn. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ ní ọjọ́ náà. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí mo ti padà lọ gbé e o, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo tún ń sọ ọ́ kalẹ̀."

Ó rọ omi sí orúnkún mi, ó ń wọ́ ọ bí ẹni ń wọ́ ọmọ. Èèpo igi náà rọ̀, ó sì ń ṣí bọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí orúnkún mi kọ́kọ́ tẹ̀, ó dún bí ẹ̀ka gbígbẹ tí ó ṣẹ́, mo ké bí ewúrẹ́. Títù gbé ahá sí mi lẹ́nu, mo sì mu omi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì mu ohun tí ó dùn tó omi náà rí.

Ọba Tanítómi bú ramúramù, ó ní, "Wọ́n ti ba ìlú mi jẹ́! Ẹ mú wọn!" Gbogbo wọn na ọwọ́, wọ́n ń gbá afẹ́fẹ́ mú lókè. Títù sọ sí mi létí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká rá." A sì ń rá lọ lórí ọwọ́ àti orúnkún láàárín ẹsẹ̀ wọn, bí ọmọdé tí ó jí ẹran nínú ìkòkò, wọ́n sì ń kígbe lókè orí wa pé, "Níbo ni wọ́n wà? Níbo ni wọ́n wà?" Ẹ̀rín gbá mi láàárín ewu náà. Èmi tí mo sọ pé n kì í rá kòrò!

Bí a ti fẹ́ jáde, bàbá arúgbó kan tí mo ti ń gbọ́ ìyìn rẹ̀ ní àràárọ̀ rọra wí láìwo ilẹ̀ pé, "Ẹ̀yin tí ẹ wà nísàlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?" Mo fẹ́ kí á máa sá lọ, ṣùgbọ́n Títù dúró. Ó rọ omi tí ó kù nínú ahá sí bàbá náà lórúnkún, èmi àti òun jọ fà á lẹ́sẹ̀ títí ó fi tẹ̀, àwa mẹ́ta sì rá jáde. Ní òpin igbó ni bàbá náà ti yà sí ọ̀nà ìlú rẹ̀, ó ní ó ti tó ogójì ọdún tí òun ti rí ilẹ̀ kẹ́yìn, ó sì ń fi ọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ara ọmọ.

Ìgbà tí a dé ilé, Dọ́káàsì ń po ògì. Ó sọ orógùn sílẹ̀, ó dì mọ́ mi. Mo ní, "Ìyá Ìbídùn, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ fún ọ. Kì í ṣe èmi ni mo pa ẹkùn."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ta ni ó sọ fún ọ?"

"Ẹ̀yin ni. Láti ogún ọdún ni ẹ ti ń sọ ọ́ lójú oorun. Ẹ máa ń kígbe pé, 'Títù, má jẹ́ kí ó gun igi yìí o!' Ọlọ́run ni mo ń bẹ̀ kí ẹ lè sọ ọ́ lójú ayé."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ìjọ. N kò ní tàn yín pé gbogbo ènìyàn dì mọ́ mi. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn ọdẹ ìlú gba ipò tí mo ní láàárín wọn lọ́wọ́ mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Apẹkùn nítorí mi sì wò mí bí ẹni pé mo jí nǹkan rẹ̀. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mo lọ sílé, mo sùn, n kò sì kígbe kankan lójú oorun.

Títù gba oyè rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n máa gbálẹ̀ ìjọ. Mo ń gbálẹ̀ ní Sátidé, ó sì yà mí lẹ́nu láti rí i pé ìgbéraga ti tẹ̀lé mi dé ìdí ìgbálẹ̀. Iwájú ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà kọjá ni mo ń gbá jù, bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀, n óò tẹ̀ síwájú sí i, kí wọ́n lè wí pé, "Ẹ wo bí Josáyà ti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó!" Títù rí mi ní ọjọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn ilé ìjọ ni ìdọ̀tí pọ̀ sí." Mo gbé ìgbálẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn, èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ṣe gbà pé ìgbéraga jẹ́ ẹranko tí a ń pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Koríko ni. A ń ro ó lónìí, ó ń hù lọ́la, ẹni tí ó bá sì sọ pé oko òun ti mọ́ tán ni kí ẹ bá lọ sí oko rẹ̀ lọ wò ó. Ìrẹ̀lẹ̀ kì í ṣe pé kí ènìyàn máa sọ pé òun kò já mọ́ nǹkan kan, nítorí mo mọ àwọn tí ó ń fi èyí náà gba ìyìn. Kí a sọ òtítọ́ nípa ara wa ni, kí a sì jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé omi sí wa lẹ́nu nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ wá. Ó rọrùn fún mi láti fúnni ju kí n gbà lọ. Ìgbà tí mo gbà ni mo mọ ohun tí Olúwa ṣe fún mi.

Èmi àti Títù ti darúgbó nísinsìnyí. Ní àárọ̀ ọyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ro ó, n óò yọ́ òrí díẹ̀ lẹ́bàá iná, n óò fi wọ́ ọ fún un, àwa méjèèjì yóò sì máa jiyàn nípa orin tí ìjọ yóò kọ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ohùn rẹ̀ kò dára, n kì í sì í sọ fún un mọ́ pé tèmi dára jù ú lọ, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Oòrùn ti ń wọ̀, oúnjẹ yóò ti máa jinná nílé yín. Ẹ dìde, kí olúkúlùkù fún ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi náà fẹ́ dìde, ara àgbà sì ti wúwo. Ta ni yóò fà mí?